Jíà tí ẹ fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìlera sì ni. Bí iṣu bá kúrò lóko tí kò dé ọjà, owó ti ṣòfò. Bí ẹni tó ni iṣu kò bá padà délé ńkọ́? Ìyẹn ju owó lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè la fẹ́ sọ. Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí gígun òkè ló ṣòro? Kí ló wà nínú sísọ̀ kalẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀. Ọkọ̀ tí kò lè gun òkè, á kàn dúró ni. Ọkọ̀ tí kò lè dúró nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń pa èèyàn.

Ó ti ṣojú èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí rí. A kó iṣu àti gààrí sínú bâchée kan, àwa èrò sì jókòó sórí ẹrù. Nígbà tí a dé góńgó òkè kan, awakọ̀ wa yọ jíà, ó fi í sí point mort. Ó ní òun fẹ́ ṣọ́ epo lò. Ọkọ̀ ń yọ́ lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ wa, a ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí eré náà fi ń pọ̀ sí i. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dẹwọ́ díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ tún dẹwọ́ díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, títí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jóná. Ìgbà tó tún máa tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ kò dáhùn. Òkìtì iyanrìn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló gbà wá. Ìdajì iṣu fọ́, apá ìyá kan kán, ṣùgbọ́n gbogbo wa padà sílé láàyè. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Ibo la ti ń rí irú òkè bẹ́ẹ̀?

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, títì ńlá ń gba ẹ̀bá àwọn òkè Ìdáàṣà àti ti Ṣábẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kì í dúró sílé. Wọ́n ń lọ sí Atakpamé, ìlú tó wà láàárín òkè. Wọ́n ń gba ọ̀nà Lomé lọ sókè, títí dé ibi tí wọ́n ń pè ní Alédjo, láàárín Sokodé àti Kara, níbi tí wọ́n ti la àpáta kí ọ̀nà tó ráyè kọjá. Àwọn camion ńláńlá tó ń gbé ẹrù láti èbúté Lomé lọ sí Bùkìná Fasò náà ń gba apá ibẹ̀. Àwọn mìíràn ń lọ sí Natitingou, láàárín àwọn òkè Atacora. Ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà oko mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó lọ sí odò, bí ẹrù bá ti pọ̀ jù lórí ọkọ̀, òun náà lè ṣe ẹni ní jàǹbá.

Kí ló ń ṣe bíréèkì?

Kí ọ̀rọ̀ má bàa rú yín lójú: ohun tí àwọn kan ń pè ní frein náà ni bíréèkì, ohun tí wọ́n ń pè ní vitesse náà ni jíà.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpèjúwe. Ẹ fẹ́ fi okùn sọ àpò àgbàdo kan kalẹ̀ láti òkè àjà. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ di okùn mú, ẹ jẹ́ kó máa yọ́ gba àárín àtẹ́lẹwọ́ yín. Kí àpò tó délẹ̀, ọwọ́ ti bó, ẹ ó sì jù ú sílẹ̀ tipátipá. Ọ̀nà kejì, ẹ ń fi ọwọ́ kan gba okùn lọ́wọ́ ọwọ́ kejì, díẹ̀díẹ̀. Àpò á sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kò ní jó yín.

Ẹni tó ń fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló ń tọ̀. Bíréèkì ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà kejì ló tọ̀.

Ooru náà kì í ṣe kékeré o. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Bí ọkọ̀ kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ bá wúwo tó tọ́ọ̀nù 3, tó sọ̀ kalẹ̀ ní òkè tó ga ní mítà 100, gíga òkè la ń wí, kì í ṣe gígùn ọ̀nà, tó bá jẹ́ bíréèkì nìkan ló ń dì í mú, ooru tó máa wọ inú bíréèkì náà tó èyí tó lè sọ omi tútù lítà 10 di omi híhó. Bó bá jẹ́ camion tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, ooru náà á tó láti se omi lítà 100 kó hó, ìyẹn bídọ́ọ̀nù lítà 25 mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú àwọn irin kéékèèké tó wà lẹ́yìn táyà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí bíréèkì bá gbóná dé ìwọ̀n kan, ohun tó ń di irin mú nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́, kò mú. Ohun kejì tún wà. Òróró kan ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín lọ dé ìdí táyà. Bí òróró yẹn bá hó, èéfín á wọ inú rẹ̀. Òróró kò ṣe é fún pọ̀, ṣùgbọ́n èéfín ṣe é fún. Ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Òróró bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, nígbà tó bá wà ní tuntun, kì í hó àfi tí ooru bá ju ìwọ̀n 205 lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀ tó sì ti mu omi, ó lè hó ní ìwọ̀n 140. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, bí kò tilẹ̀ tíì gbẹ.

Ẹ́ńjìnì ni kó di ọkọ̀ mú

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ru omi tàbí igi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ṣé ẹ máa ń sáré kí ẹ tó wá dúró? Rárá o. Láti orí òkè lọ́hùn-ún ni ẹ ti ń gé ìṣísẹ̀ kúrú. Ẹ mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ti yá jù, ẹrù náà ló máa ti yín lọ. Ohun tí jíà kékeré ń ṣe fún ọkọ̀ nìyẹn: ó ń gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí accélérateur, ẹ́ńjìnì kò ti táyà mọ́, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí òun, ó ń fà sẹ́yìn. Bí jíà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn náà ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé kò sí ooru tó ń wọ bíréèkì. Bíréèkì yín á tutù, á máa dúró de ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já sójú títì lójijì.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Èkíní, kí ẹ tó dé góńgó òkè ni kí ẹ ti múra. Bí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa, tí wọ́n ya òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n kọ 10% sí i, ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo mítà 100 tí ẹ bá rìn, mítà 10 lẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Òkè líle nìyẹn. Ẹ dín eré kù níbẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ sínú jíà kékeré nígbà tí ilẹ̀ ṣì tẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó bá jẹ́ camion tó kún fún ẹrù, jíà kékeré lè kọ̀ láti wọlé. Ẹ ti yọ ti tẹ́lẹ̀, tuntun ò wọlé: ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Èkejì, jíà wo? Àwọn àgbà awakọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan: jíà tí ẹ fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ èkejì lẹ fi gùn ún, èkejì ni kí ẹ fi sọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ gan-an, ẹ tún lè lo èyí tó kéré sí i. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé jíà náà tọ́? Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì díẹ̀. Bí eré bá ń pọ̀ kíákíá, jíà yẹn ti ga jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n eré kan, ká ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Bí eré bá dé 40, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa títí yóò fi bọ́ sí 30, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Bó bá tún dé 40, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí bíréèkì, á tutù díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń wà lórí bíréèkì ní gbogbo ìgbà kì í jẹ́ kó mí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín yín àti ọkọ̀ tó wà níwájú. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń sáré 80, kì í ṣe ìlọ́po méjì iṣẹ́ ẹni tó ń sáré 40 ló fún bíréèkì rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Ọ̀rọ̀ point mort

Ìbéèrè tí ẹ sábà máa ń bi wá nìyí: "Ṣé òótọ́ ni pé bí a bá yọ jíà nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a ó jẹ epo díẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí ọkọ̀ bá wà ní point mort, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa jẹ epo kó má bàa kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, àti àwọn tó ń lo gasoil, bí wọ́n bá wà nínú jíà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí accélérateur, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì, epo á sì dáwọ́ dúró. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó yọ jíà ló ń jẹ epo jù. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ní carburateur, èrè tó lè wà níbẹ̀ kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí ogún èèyàn rà.

Èyí tó tún burú jù ni ẹni tó pa ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì ló ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá kú, lẹ́yìn títẹ̀ bíi méjì tàbí mẹ́ta, bíréèkì á le bí òkúta. Ọwọ́ ọkọ̀ náà á wúwo láti yí. Bí wọ́n bá tún yọ kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ ọkọ̀ lè tì pa. Nínú camion tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì ló ń rọ afẹ́fẹ́ náà sínú táǹkì. Ẹ́ńjìnì tó kú kò lè rọ ọ́, àwọn tó sì ń tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́ máa ń tú èyí tó kù dànù.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín jẹ́ automatique, ẹ má rò pé D ti tó. Ẹ fà á wá sí 3, tàbí 2, tàbí L, gẹ́gẹ́ bí òkè náà bá ṣe le sí. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zémi, ẹ má fa embrayage mọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá fà á, ẹ ti yọ jíà nìyẹn. Ẹ fi í sí jíà kékeré, ẹ lo bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ tàbí tí òjò ti pa, ẹ má fún ti iwájú lójijì, torí táyà á yọ̀. Ẹ sì ronú kí ẹ tó gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gààrí lé orí ọ̀kadà kan.

Iṣẹ́ èrò àti ti ọlọ́jà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan nìyí. Ta ló ń sọ pé kí wọ́n fi àpò mẹ́wàá kún un kó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan la máa lọ? Àwa ni. Àpò kọ̀ọ̀kan tí a fi kún un, ooru la fi kún bíréèkì. Ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù 1, tí a di tọ́ọ̀nù 2 lé lórí, bíréèkì tọ́ọ̀nù 1 ló ṣì ní.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnì dákẹ́ lórí òkè, ẹ lanu sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìjà. Ẹ lè sọ pé, "Ọmọ mi, dákun, jẹ́ kó wà nínú jíà. A kò kánjú." Bó bá ní, "Ìyá, ẹ má bẹ̀rù, mo mọ ọ̀nà yìí," ẹ dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Ẹ̀mí wa ni mò ń tọ́jú, tìrẹ náà sì wà níbẹ̀." Bí èrò mẹ́fà bá sọ ọ́ pọ̀, awakọ̀ á gbọ́.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bíi rọ́bà tó ń jóná, tàbí tí ẹ rí èéfín lẹ́bàá táyà, ẹ ké sí i kó dúró níbi tó bá tẹ́jú. Kí apprenti fi igi tàbí òkúta há táyà. Ẹ jẹ́ kí bíréèkì tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i, torí irin gbígbóná tí omi tútù bà lójijì lè là. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ gbé òkúta yẹn kúrò lójú títì. Mélòó nínú wa ni òkúta tí ẹlòmíì fi sílẹ̀ ti gbé ṣubú lóru?

Bí bíréèkì bá kọ̀ pátápátá ńkọ́?

Ẹ má pa ẹ́ńjìnì, ẹ má yọ jíà. Ẹ tẹ bíréèkì léraléra ní kíákíá, bóyá á tún mú díẹ̀. Nínú camion tó ń lo afẹ́fẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ ẹ dì í mú. Ẹ máa mú jíà sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ má bàa yí. Ẹ fọn fèrè, ẹ tan iná, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ sá. Kí ẹ sì máa wá ibi tó rọ̀: òkìtì iyanrìn, igbó kéékèèké, ọ̀nà tó yà gun òkè. Bí kò bá sí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ara ògiri ilẹ̀ tó wà lápá òkè, má ṣe jẹ́ kó yà sí apá ọ̀gbun. Ọkọ̀ tó bó lára, a lè kùn ún. Ẹ má fò sílẹ̀ nígbà tó ń sáré.

Ẹgbẹ́ olùgbọ́, iṣẹ́ yín rèé. Bí ẹ bá pàdé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè mẹ́ta. Èwo ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó léwu jù lágbègbè yín, ta ló sì máa ń kó ẹrù gba ibẹ̀? Ìgbà wo ni àwọn awakọ̀ tó ń gbé ẹrù yín pààrọ̀ òróró bíréèkì kẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ máa jọ sọ fún awakọ̀ tó bá yọ jíà lórí òkè? Ẹ pe àwọn awakọ̀ náà wá síbi ìpàdé, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Àwa èrò ló máa ń kán wọn lójú.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjà kò ní tú kí ẹ tó dé. Ẹ fi jíà sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, àá gbọ́ ohùn ara wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.